Jòhánù 10:30: “ọ̀kan” wo ni Jésù ń sọ gan-an?

TisaOkeAro (Àkúrẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo ń kọ́ kíláàsì àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọ wa kékeré kan l'Òkè-Àró. Lọ́jọ́ Ìsinmi Mẹ́talọ́kan tó kọjá, èèyàn mẹ́rìnlá péré ló wá, òjò ń lu páànù débi pé à ń pariwo ká tó gbọ́ra. Jòhánù orí 10 la ń kà. A dé ẹsẹ 30, “Ọ̀kan ni èmi àti Baba mi jásí,” mo ní ká máa lọ, torí mo rò pé ẹsẹ tó yé kálukú ni.

Ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa jọ́sìn bá nawọ́. Ó ní, “Tísà, ṣé ẹ wá rí i báyìí pé Jésù gan-an ni Baba?” Bàbá káfíńtà tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yíjú sí i: “Ọ̀kan bí èmi àti ìyàwó mi ṣe jẹ́ ọ̀kan ni. Jẹ́nẹ́sísì ní a ó di ara kan. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo rọbí!” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì fọ́nká. N kò rí nǹkan gidi sọ títí agogo fi lù. Mo ní “àdììtú ni,” mo gbàdúrà ìparí, mo gbé báàgì mi. Ojú tì mí dénú ilé.

Ẹ gbà mí. Ọ̀kan wo ni? Ẹ má sì bú ara yín o, mo mọ ilé yìí.

EkimogunNiMi (Oǹdó)

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò ṣìnà. Ìjọ tí wọ́n máa ń pè ní “Jésù nìkan” lèmi náà ń lọ, kò sì tì mí lójú.

Diutarónómì 6:4 ni ìpìlẹ̀: “Gbọ́, Ísírẹ́lì: OLÚWA Ọlọ́run wa, OLÚWA kan ni.” Láàárọ̀ lálẹ́ ni Júù ń kà á, wọ́n ń so ó mọ́wọ́, wọ́n ń kọ ọ́ sí òpó ilẹ̀kùn. Kò sí mẹ́ta níbẹ̀. Àìsáyà 9:6 wá pe ọmọ tí a bí fún wa ní “Baba Ayérayé”. Fílípì ní kí Jésù fi Baba han àwọn, Jésù ní ẹni tó bá ti rí òun ti rí Baba. Mátíù 28:19 ní kí a ṣe ìrìbọmi ní orúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Orúkọ ni o, kò pè é ní àwọn orúkọ. Kí ni Pétérù wá ṣe nínú Ìṣe 2:38? Orúkọ Jésù Kristi ló fi ṣe é. Ẹ fi ojú ara yín rí orúkọ náà.

Bàbá mi jẹ́ tísà nílé ìwé, ó jẹ́ bàbá nínú ilé, ó tún jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn oníkòkó. Ẹnì kan náà ni.

IyaIbejiAlagbaka (Àkúrẹ́)

Àbúrò mi, o ṣeun. Bàbá yín tó jẹ́ tísà yẹn, ṣé ó máa ń kọ lẹ́tà ìgbàyè sí ara rẹ̀, kó tún fọwọ́ sí i fún ara rẹ̀?

Nítorí ní odò Jọ́dánì, ẹnì kan wà nínú omi, ohùn ń ti ọ̀run wá pé “èyí ni àyànfẹ́ ọmọ mi,” Ẹ̀mí sì ń sọ̀kalẹ̀ bí àdàbà. Ní Gẹtisémánì ńkọ́? “Kì í ṣe ìfẹ́ tèmi, bí kò ṣe tìrẹ.” Ta ló ń bẹ ta?

EkimogunNiMi

Ìyá Ìbejì, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ìdáhùn wa ni pé Jésù gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ló ń gbàdúrà sí Ọlọ́run tó ń gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, ti Gẹtisémánì yẹn máa ń le fún mi láti ṣàlàyé.

OmoSeminari

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ jẹ́ kí n yà sí ìtàn díẹ̀, n ó padà sí ẹsẹ 30. Ohun tí Ekimogun sọ ti wà láyé tipẹ́. Ní ọ̀rúndún kẹta, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Sabellius ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn: Ọlọ́run ẹyọ kan tó ń fi ara hàn lọ́nà mẹ́ta. Ìjọ kọ̀ ọ́ nígbà náà. Èyí tó wà láàárín àwa Pẹ́ńtíkọ́sì ṣẹ̀ láti ìpàgọ́ kan ní Kalifóníà lọ́dún 1913, níbi tí oníwàásù kan ti sọ pé orúkọ Jésù nìkan ni àwọn àpọ́sítélì fi ṣe ìrìbọmi. Nígbà tó di 1916, Assemblies of God ní Amẹ́ríkà dúró ti Mẹ́talọ́kan, àwọn tí kò gbà sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Lórí “orúkọ” ṣá o, Ekimogun jàre. Yorùbá kì í yí ọ̀rọ̀-orúkọ padà tó bá pọ̀, nítorí náà Bíbélì wa kò lè fi hàn wá, ṣùgbọ́n Gíríìkì, èdè tí a fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, lè fi hàn, ẹyọ kan ló sì wà níbẹ̀.

Ó di ẹsẹ 30. Gíríìkì ní “kan” oríṣi mẹ́ta: ti akọ, ti abo, àti èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo. Ti akọ ni “heis”. Ohun tí Jòhánù kọ síbẹ̀ kì í ṣe “heis”, “hen” ni, èyí tí kì í ṣe akọ tàbí abo. Yorùbá kò ní akọ-n-bábo nínú gírámà, ṣùgbọ́n a ní nǹkan mìíràn tó ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa: a ní “ẹnì kan”, a ní “ohun kan”. Ká ní Jésù sọ “heis”, à bá ní “ẹnì kan náà ni èmi àti Baba.” “Hen” tó sọ sún mọ́ “ohun kan náà ni èmi àti Baba.” Ọ̀rọ̀-ìṣe tó lò sì jẹ́ “a jẹ́”, èèyàn tó ju ẹyọ kan lọ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

“Jásí” yẹn náà máa ń dà mí láàmú. Etí Yorùbá lè gbọ́ ọ bí ẹni pé méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó já sí ọ̀kan. Kò sí ìyẹn nínú Gíríìkì. Bẹ́ẹ̀ Bíbélì kan náà ni, tó bá di 17:22, “gẹ́gẹ́ bí àwa ti jẹ́ ọ̀kan” ló kọ.

IyaIbejiAlagbaka

Ohun kẹ̀? Ọmọ seminárì, fi sùúrù ṣe é. Nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jà Ọba là ń pè ní ohun. Olódùmarè kì í ṣe ohun.

OmoSeminari

Ẹ máa bínú, mà. Mo rò pé ìyẹn gan-an ni ìṣòro tó wà níwájú Crowther àti àwọn tó bá a túmọ̀ Bíbélì tó fi jáde lódindi ní 1884. Tí wọ́n bá kọ “ẹnì kan”, wọ́n ti sọ Jésù di Baba. Tí wọ́n bá kọ “ohun kan”, Ìyá Ìbejì ayé ìgbà náà á ti gbé Bíbélì jù. “Ọ̀kan” ló gbà wọ́n. Kò pe ẹni, kò pe ohun. Àwa la wá ń jà lé e lórí.

KaWeDaada

Àbúrò, o gbìyànjú, àmọ́ má fi gírámà nìkan kọ́ ilé. Gálátíà 3:28, “ọ̀kan ni yín nínú Kristi Jésù,” “heis” ló wà níbẹ̀ ní Gíríìkì, ti akọ! Ṣé gbogbo ará Gálátíà wá di ẹnì kan náà ni, tí wọ́n ń lo fìlà kan? 1 Kọ́ríńtì 3:8 sì ní ẹni tó ń gbìn àti ẹni tó ń bomi rin, ọ̀kan ni wọ́n. “Hen” nìyẹn. Pọ́ọ̀lù àti Àpólò kì í kúkú ṣe Ọlọ́run kan. Ẹ ka ẹsẹ 28 àti 29 ṣáájú 30. Jésù ní kò sí ẹni tó lè já àwọn àgùntàn òun gbà lọ́wọ́ òun, ó tún ní kò sí ẹni tó lè já wọn gbà lọ́wọ́ Baba. Ọwọ́ méjì, ìdìmú kan. Ibẹ̀ ni “ọ̀kan” ti wá. Ohun tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé irú ẹ̀dá wo ni ọwọ́ rẹ̀ lè di nǹkan mú bí ọwọ́ Ọlọ́run.

TisaOkeAro

Áà. “Ọwọ́ méjì, ìdìmú kan.” Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi.

PasitoIjapo (Àkúrẹ́)

Ẹ ò ní láti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Èdè Hébérù ti parí ọ̀rọ̀. “Kan” tó wà nínú Diutarónómì 6:4 ni “echad”, àkópọ̀ ọ̀kan nìyẹn, bíi “ara kan” tí ọkọ àti aya dà. Tó bá jẹ́ ọ̀kan géérégé ni, “yachid” ni Mósè ì bá lò. Ẹ tún wo Jẹ́nẹ́sísì 1:26, “Jẹ́ kí a dá ènìyàn.” Ta ni “a”? 1 Jòhánù 5:7 nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì King James sì la gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé mẹ́ta ló ń jẹ́rìí ní ọ̀run.

OtitoLoDun

Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà. Mi ò sí lápá Mẹ́talọ́kan, mi ò sì sí lápá “Jésù nìkan”. Baba nìkan ni mo gbà ní Ọlọ́run, Jésù sì ni Ọmọ rẹ̀ tí ó rán. Ti “echad” tí ẹ sọ yẹn kò dúró. Nọ́ńbà “kan” lásán ni, òun náà ni wọ́n fi ń ka àgùntàn kan, ọjọ́ kan. Oníwàásù 4:8 lò ó fún ẹni tó dá wà, tí kò ní ẹnìkejì, tí kò ní ọmọ tàbí arákùnrin. Kí ló kó jọ níbẹ̀? Tí mo bá ní “òṣùṣù ọwọ̀ kan”, “òṣùṣù” ló sọ fún ẹ pé igi pọ̀ nínú rẹ̀, “kan” kọ́. “Ara kan” náà nìyẹn.

Ẹ wá dá mi lóhùn lórí Jòhánù 17:3, níbi tí Jésù ti pe Baba ní “ìwọ nìkan Ọlọ́run òtítọ́”. Àti 14:28, “Baba mi tóbi jù mí lọ.” Àti Máàkù 13:32, pé Ọmọ kò mọ ọjọ́ náà.

OmoSeminari

Mo gbè é lẹ́yìn lórí “echad”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò sí lápá kan náà. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú rẹ̀, ẹ̀rí tí kò lágbára máa ń ba èyí tó lágbára jẹ́.

EkimogunNiMi

Lórí “Jẹ́ kí a”: ṣé kì í ṣe ọ̀wọ̀ ni? Ọba kì í sọ “mo”.

KaWeDaada

Yorùbá Ọ̀yọ́ lo fi ń ka Hébérù yẹn. Lóòótọ́, “Elohim”, orúkọ Ọlọ́run nínú Jẹ́nẹ́sísì 1:1, ó ní ìrísí ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀-orúkọ lè gba irú iyì bẹ́ẹ̀ ní Hébérù. “Àwa” tí ẹnì kan fi ń pe ara rẹ̀ fún ọlá ni kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn Júù kan ní àwọn áńgẹ́lì ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti gba Jòhánù 1 gbọ́ lè wẹ̀yìn wò kó rí Ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò tíì gbà á, o ò lè fi ẹsẹ yẹn nìkan mú un.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń yà mí lẹ́nu. Yorùbá tí kò jẹ́ pe bàbá rẹ̀ ní “ìwọ”, tó bá di “Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run”, “orúkọ rẹ” ló máa ń sọ. Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ níbi tí “ẹ” ti jẹ́ dandan, kò fi “ẹ” kan Ọlọ́run nínú àdúrà yẹn. Nínú Gíríìkì, ẹyọ kan ni, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

EkimogunNiMi

Ní Oǹdó ńkọ́? Ìyá-ìyá mi kò fi “ẹ” pe ẹyọ ènìyàn kan rí, àgbà ni o, ọmọdé ni o. Àwọn ìyàwó Ọ̀yọ́ tó wọlé wa máa ń rò pé a ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀kan ni ọ̀kan, ká tó dé ṣọ́ọ̀ṣì.

TisaOkeAro

😂 Ekimogun, o ti rí ibi fi Oǹdó ṣe ẹ̀rí.

OlobeOjaOba (Àkúrẹ́)

Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ kú làálàá. Àwa kò ṣe wàhálà tó yìí. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Baba, Ọmọ, Ẹ̀mí Mímọ́. Ìkòkò kan ni wọ́n jọ gbé. Ó parí.

KaWeDaada

Àǹtí, ọbẹ̀ yín dùn, a mọ̀, àmọ́ òkúta mẹ́ta nìyẹn. Ẹ yọ ọ̀kan, ìkòkò á dojú dé, òkúta méjì tó kù ṣì jẹ́ òkúta. Ọlọ́run mẹ́ta tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ lẹ kó wá. Pásítọ̀ wa kan máa ń lo obì, pé obì kan, awẹ́ mẹ́ta. Èyí náà bàjẹ́, awẹ́ kan kì í ṣe odindi obì, bẹ́ẹ̀ Kólósè 2:9 ní gbogbo ẹ̀kún Ìwà-Ọlọ́run ló ń gbé inú Kristi. Yìnyín, omi àti ooru omi, ti Sabellius nìyẹn.

OlobeOjaOba

Kí lẹ wá fẹ́ ká máa sọ fọ́mọ?

BabaKatikis (Oǹdó)

Mo kí gbogbo yín. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kátíkíìsì, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí sórí fóònù, ẹ fojú fo àṣìṣe rẹ̀.

Pásítọ̀, ẹ fi 1 Jòhánù 5:7 ti King James yẹn sílẹ̀. Gbólóhùn tó mẹ́nu ba mẹ́ta ní ọ̀run kò sí nínú àwọn ìwé Gíríìkì àtijọ́. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé Erasmus tẹ Májẹ̀mú Tuntun Gíríìkì ní 1516, kò fi í sí i. Wọ́n bínú sí i, ó fi í sí èyí tó tẹ̀ ní 1522, ibẹ̀ ló gbà dé inú King James. Ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan kò dúró lé e. Nígbà tí ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nísíà wáyé ní 325, ẹsẹ yẹn kọ́ ni wọ́n gbé àríyànjiyàn kà. Àlùfáà kan, Arius, ló ní ìgbà kan wà tí Ọmọ kò sí. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù dá a lóhùn pé ohun tí Baba jẹ́ gan-an ni Ọmọ jẹ́. Ìyá Ìbejì, ẹ forí jì mí, “ohun” ni mo sọ. Ti Ẹ̀mí Mímọ́, ó di ìpàdé Kọnsitantinópù ní 381 kí wọ́n tó kọ ọ́ yanjú. Ẹni tó sì kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ Látìnì “trinitas” (Mẹ́talọ́kan) fún Ọlọ́run nínú ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, Tertullian ará Kátéèjì ni, ilẹ̀ Áfíríkà níbí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé òyìnbó ló gbé e wá.

Ẹsẹ tí èmi máa ń gbé ka iwájú kíláàsì ni 1 Kọ́ríńtì 8:6. Ẹ fi Diutarónómì 6:4 sápá kan, ẹ fi í sápá kejì. Nínú Gíríìkì tí àwọn Júù túmọ̀ Diutarónómì sí kí Kristi tó dé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló gbé e dúró: Olúwa, Ọlọ́run, kan. Júù tó ti ń kà á láti kékeré ni Pọ́ọ̀lù. Nígbà tí àwọn ará Kọ́ríńtì bi í léèrè nípa ẹran tí a fi rúbọ sí òrìṣà, ó mú àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn gan-an: fún àwa, Ọlọ́run kan ni ń bẹ, Baba, àti Olúwa kan, Jésù Kristi. Kò wá àga kejì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́. Àárín “Gbọ́, Ísírẹ́lì” fúnra rẹ̀ ló ti bá Jésù.

OtitoLoDun

Bàbá, mo kí yín. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù pe Baba ní Ọlọ́run kan, ó pe Jésù ní Olúwa. Ẹsẹ 5 ní ọ̀pọ̀ ọlọ́run àti ọ̀pọ̀ olúwa ń bẹ. Kí ló dé tí kò lè jẹ́ pé Olúwa jẹ́ oyè tí Ọlọ́run fi jẹ ẹ́?

BabaKatikis

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ọmọ mi. Ka ẹsẹ yẹn títí dé ìparí: nípasẹ̀ Jésù ni ohun gbogbo wà. Wá ṣí Àìsáyà 44:24, níbi tí OLÚWA ti ní òun nìkan ni òun na àwọn ọ̀run. “Nìkan.” Bí ẹnì kan bá wà níbi iṣẹ́ náà, tí Ọlọ́run sì ní kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, ẹni yẹn kì í ṣe ẹlòmíràn. Síbẹ̀ ó ń gbàdúrà sí Baba. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni ìjọ há sí, tí wọ́n fi wá ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú Bíbélì.

Àǹtí ọlọ́bẹ̀, tí ọmọ bá bi yín, kí ẹ fi ìbéèrè Yorùbá méjì dá a lóhùn. Tó bá ní “kí ni Baba, kí ni Ọmọ, kí ni Ẹ̀mí?”, ìdáhùn kan ni: Ọlọ́run. Tó bá ní “ta ni?”, ìdáhùn á di mẹ́ta. “Kí ni” àti “ta ni”, ọmọ ọdún márùn-ún mọ ìyàtọ̀ wọn.

OtitoLoDun

Ẹ kò tíì dáhùn “tóbi jù mí lọ”. Ṣùgbọ́n “nìkan” yẹn, n ó lọ rò ó.

BabaKatikis

Bàbá mi tóbi jù mí lọ títí ó fi kú. Èèyàn bíi tèmi ni.

OlobeOjaOba

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo sì ń lo ààrò mi ṣá o.

TisaOkeAro

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi àná, a sì ju mẹ́rìnlá lọ dáadáa, mo rò pé ìròyìn ìjà ló kó wọn wá. Mo ka ẹsẹ 28 sí 30, mo di ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ ìdì kọ́kọ́rọ́ kan, mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wá já a gbà. Ó fà á títí, kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Mo wá kọ “kí ni” àti “ta ni” sí pátákó. Ó wo pátákó náà pẹ́, ó ní òun ṣì máa lọ bi pásítọ̀ òun àtijọ́. Mo ní kó lọ.

Bàbá káfíńtà kò sọ nǹkan kan. Ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà tó kàn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ kó ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá jẹ. “Ẹsẹ 31 ní àwọn Júù tún he òkúta láti sọ lù ú. Tísà, wọn kì í he òkúta fún ẹni tó ní òun àti bàbá òun fẹ́ràn ara wọn.”

Kí n tó fèsì, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti fò lọ sí ẹsẹ 34, níbi tí Jésù ti fi Sáàmù 82 dá wọn lóhùn pé “ọlọ́run ni ẹ̀yin,” ó ní kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Agogo lù. Mi ò ní “àdììtú” lọ́tẹ̀ yìí, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ 34, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ síbí kó tó di alẹ́ Sátidé.